MÁ ṢE FI KÁÀDÌ RẸ DÓGÒ

   

Ọ̀rọ̀ ìdógò ni a fẹ́ sọ lónìí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ìdógò jẹ́. Bí mo bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ, tí ìwọ kò sì mọ̀ mí dáadáa, ìwọ yóò ní kí n fi nǹkan sílẹ̀. Mo lè fi aṣọ sílẹ̀. Mo lè fi ewúrẹ́ sílẹ̀, tàbí kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ tí mo bá san owó rẹ, ìwọ yóò dá nǹkan mi padà fún mi. Àwọn baba wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó bí wa. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdógò tuntun kan ti dé. Àwọn ènìyàn ń fi káàdì dógò. Àwọn mìíràn ń pè é ní káàtì. Ẹni tí ó fẹ́ yá owó ń fi káàdì báńkì sílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ yá àga àti àtíbàbà fún ìnáwó ń fi káàdì ìdánimọ̀ sílẹ̀. Ọmọ wa tí ó lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ní ìlú ńlá, tàbí tí ó fẹ́ yá ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n lè ní kí ó fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi padà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò gùn. Ẹ má ṣe fi káàdì dógò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ Ẹ̀GBỌ́N MI

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ olùkọ́ ní abúlé kan. N kò ní dárúkọ abúlé náà. N kò sì ní dárúkọ ẹni tí ó yá a lówó.

Ní ọdún 2021, ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Owó tí wọ́n ní kí ó mú wá ju èyí tí ó wà nílé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tọ ọkùnrin kan lọ tí ó máa ń yá àwọn olówó oṣù lówó. Ó yá 100.000 fàráǹ. Wọ́n ṣe àdéhùn pé yóò san 130.000 fàráǹ padà, ìyẹn ni 26.000 ní oṣooṣù fún oṣù márùn-ún.

Ọkùnrin náà sọ fún un pé, "Tíṣà, n kò fẹ́ ewúrẹ́, n kò fẹ́ ilẹ̀. Ẹ fún mi ní káàdì báńkì yín, kí ẹ sì sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún mi. Bí owó oṣù yín bá ti wọlé, èmi yóò lọ gbà á lẹ́nu ẹ̀rọ. N óò mú tèmi, n óò sì kó ìyókù fún yín."

Ọmọ ń bẹ lórí ibùsùn ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún ọkùnrin náà ní káàdì. Ó sọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i létí.

Ọmọ náà yá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n láti oṣù náà lọ, ẹ̀gbọ́n mi di ẹni tí ó ń lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn kí ó tó rí owó iṣẹ́ ara rẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ kan, wọn á ní baálé ilé ti jáde. Ní ọjọ́ kejì, wọn á ní ẹ̀rọ báńkì kò ṣiṣẹ́. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 90.000 fàráǹ. Bí ó bá yọ 26.000 kúrò, 64.000 ni ó yẹ kí ó kù. Ṣùgbọ́n 60.000 ni ọkùnrin náà ń kó fún un. Ó ní báńkì ni ó ń yọ 4.000 yòókù.

Oṣù márùn-ún pé. Ọkùnrin náà kò dá káàdì padà. Ó ní gbèsè kò tíì tán, nítorí pé owó oṣù kan pẹ́ kí ó tó wọlé. Ó tún gba ti oṣù kẹfà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sí ilé ìwé nígbà èwe rẹ̀. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni ó ti kọ́ ìwé, bí ẹ̀yin náà ti ń kọ́ ọ. Ó ní ìwé kékeré kan. Iye owó tí ọkọ rẹ̀ bá mú wálé ní ìparí oṣù, ó máa ń kọ ọ́ sínú rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá ọmọ mi, ẹ lọ sí báńkì. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé gbogbo owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde fún yín."

Báńkì tẹ ìwé náà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi kò gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ní èdè." Ó gbé ìwé báńkì sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kékeré tirẹ̀. Ó fi báírò fa ìlà sí abẹ́ owó tí ó jáde. Lẹ́ẹ̀mẹfà ni 90.000 jáde. Lẹ́ẹ̀mẹfà ni 60.000 dé ilé. Báńkì kò yọ 4.000 kankan. Ọkùnrin náà ni ó ń mú 30.000 lóṣooṣù, dípò 26.000.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. 30.000 ní ọ̀nà mẹ́fà jẹ́ 180.000. Àdéhùn wọn jẹ́ 130.000. Ọkùnrin náà ti gba 50.000 fàráǹ lé e.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ta ni ó rí mi? Káàdì yín ni. Nọ́ńbà yín ni. Bí ẹ bá dé báńkì, wọn á ní ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ gba owó yín."

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́. Ẹ̀rọ báńkì kò mọ ojú ènìyàn. Ẹni tí ó bá mú káàdì wá, tí ó sì tẹ nọ́ńbà tí ó tọ́, òun ni ẹ̀rọ náà gbà pé ó ni owó. Ó di ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n bá wọn parí rẹ̀. Ọkùnrin náà dá káàdì padà pẹ̀lú 20.000. Ẹ̀gbọ́n mi pàdánù 30.000 yòókù.

KÁÀDÌ KÌ Í ṢE EWÚRẸ́

Ẹ wò ó dáadáa. Ewúrẹ́ tí a fi dógò kò lè wà ní ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá padà sí ọ̀dọ̀ mi, ó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Bí o bá pa á jẹ, n óò mọ̀, nítorí pé n kò ní rí i mọ́. Káàdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ lè ná an nígbà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí káàdì náà má sì fi kù síbì kan. Ó tún lè dá a padà fún ọ, kí ohun tí ó wà lára rẹ̀ sì ṣẹ́ kù sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ni ó wà lára rẹ̀? Ẹ mú káàdì báńkì kan kí ẹ kà á. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí nọ́ńbà 16 tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ ó rí orúkọ ẹni tí ó ni ín. Ẹ ó rí oṣù àti ọdún tí káàdì náà yóò kú. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn.

Lóde òní, ènìyàn lè jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó fi fóònù ra ọjà ní ìlú jíjìn. Íntánẹ́ẹ̀tì ni a ń pe ọ̀nà náà. Olùtajà kò rí olùrà. Kò rí káàdì. Nọ́ńbà tí a kà yìí ni ó ń bèèrè. Àwọn olùtajà kan ń dúró kí báńkì kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tí ó ni káàdì. Èyí dára. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kì í bèèrè rẹ̀. Nítorí náà, olè tí ó bá ti rí nọ́ńbà iwájú àti ti ẹ̀yìn lè ná owó rẹ láì mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ, kí káàdì rẹ sì wà nínú àpò rẹ.

Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó da nọ́ńbà náà kọ? Kò tó àkókò tí a fi ń pa obì. Yóò fi fóònù ya àwòrán iwájú, yóò yí i padà, yóò ya ẹ̀yìn. Ó parí. Ọ̀já dúdú tí ó wà ní ẹ̀yìn káàdì, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ó lè da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ. Irin kékeré tí ó ń dán ní iwájú káàdì ṣòro láti dàkọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn báńkì fi ń lò ó nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n irin náà kò lè bo nọ́ńbà tí a kọ sára káàdì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Kútọnu, ní Èkó, tàbí ní ìlú òyìnbó, ẹ sọ fún wọn. Òtẹ́ẹ̀lì tàbí ẹni tí ó ń yá ni ní ọkọ̀ lè fẹ́ ìdógò. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí káàdì sùn nínú àpótí rẹ̀. Ó lè gba owó lọ́wọ́ kí ó sì fún wọn ní rìsíìtì. Ó lè fi ẹ̀rọ kékeré kan sọ fún báńkì lójú wọn pé kí ó ya iye kan sọ́tọ̀, kí ó sì dá káàdì padà lójú ẹsẹ̀. Bí nǹkan kò bá bàjẹ́, báńkì á tún tú owó náà sílẹ̀. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí káàdì kúrò níwájú wọn.

KÁÀDÌ DI ÌWỌ̀FÀ

Àwọn àgbà tí ó ń gbọ́ mi mọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò dín gbèsè kù, èlé lásán ni. Títí ìdílé yóò fi san gbogbo owó náà ni yóò máa sìn ín. Ayé ìwọ̀fà ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí káàdì owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí kò sì mọ iye tí wọ́n ń mú níbẹ̀, kí ni kí a pè é?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn kan wà tí ó ń gba káàdì lọ́wọ́ olùkọ́ àti ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó yá wọn lówó. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn olówó èlé ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn arúgbó tí ìjọba ń fún ní owó ìrànlọ́wọ́. Òfin ilẹ̀ náà lórí owó yíyá, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2005, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí ó ń yá ni lówó kò gbọdọ̀ gba káàdì báńkì, káàdì ìdánimọ̀, tàbí nọ́ńbà àṣírí ṣe ìdógò. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ní gbogbo ojúlé. Àwa fúnra wa ni a óò ṣọ́ ara wa.

KÁÀDÌ ÌDÁNIMỌ̀ ÀTI FÓÒNÙ NKỌ́?

Ẹnìkan lè sọ pé, "Èmi kò ní owó ní báńkì. Ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mí." Ó kàn ọ́ o. Káàdì ìdánimọ̀ rẹ ní orúkọ rẹ àti nọ́ńbà rẹ lára. Ẹni burúkú lè mú un lọ, kí ó gbìyànjú láti fi orúkọ rẹ ra síìmù fóònù tàbí láti fi yá owó. Bí ó bá fi síìmù náà lu ènìyàn ní jìbìtì, orúkọ rẹ ni àwọn ọlọ́pàá yóò rí. Ẹnu ọ̀nà tìrẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ kàn.

Bákan náà ni fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi owó pamọ́ sínú MoMo tàbí Moov Money. Síìmù náà ni àpótí owó wa. Nọ́ńbà àṣírí ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi síìmù dógò, ẹ má sì ṣe sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá pè yín lórí fóònù tí ó ní òun wá láti ilé iṣẹ́ fóònù, tí ó sì ń bèèrè nọ́ńbà àṣírí, olè ni.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkíní: Bí wọ́n bá fẹ́ ìdógò, ẹ fi owó sílẹ̀, tàbí nǹkan tí ojú ń rí. Ẹ gba ìwé. Kí wọ́n kọ ohun tí ẹ fi sílẹ̀ àti ọjọ́ sínú rẹ̀.

Èkejì: Bí wọ́n bá fẹ́ mọ orúkọ yín, ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n da orúkọ kọ, kí ẹ gba káàdì yín padà. Bí ẹ bá fún wọn ní ẹ̀dà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí àárín ẹ̀dà náà pé: "Fún yíyá àga nìkan." Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹni tí ó bá mú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lọ síbòmíràn yóò ṣòro fún un láti lò ó.

Ẹ̀kẹta: Bí ẹ bá ń tẹ nọ́ńbà àṣírí, ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì.

Ẹ̀kẹrin: Bí ẹ bá nílò owó, ẹ kọ́kọ́ wo ẹgbẹ́ èésú yín. Ẹ wo káìsì àwọn àgbẹ̀ bíi CLCAM. Wọn á fún yín ní ìwé àdéhùn. Kó owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ ṣáájú àìsàn sàn ju kí a máa sáré kiri ní ọjọ́ àìsàn.

Bí káàdì yín bá ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní báyìí ńkọ́? Ẹ má ṣe dúró. Ẹ lọ sí báńkì lọ́la. Ẹ ní kí wọ́n pa káàdì náà, kí wọ́n sì fún yín ní òmíràn tí ó ní nọ́ńbà tuntun. Ẹ gba ìwé owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Ẹ kà á. Bí ẹ bá rí ohun tí kò yé yín, ẹ bèèrè ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ olè, ẹ fi tó àwọn ọlọ́pàá létí. Láti ọdún 2018, orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin tí ó ń fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá fi íntánẹ́ẹ̀tì jalè. Bí ẹ bá jẹ gbèsè, ẹ san gbèsè yín. Gbígba káàdì padà kì í ṣe sísá fún gbèsè. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi máa san án, kí ẹ sì máa gba rìsíìtì.

Ẹ̀yin ará Kétu, gbogbo wa ni a mọ Àkàbà Ìdènà. Àwọn baba wa mọ odi yí ìlú ká. Wọ́n gbẹ́ yàrà. Wọ́n fi ẹnubodè sí i, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ìlú rí ìyà rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ìlẹ̀kùn Àkàbà fún àlejò pé kí ó máa bá òun tọ́jú rẹ̀? Ẹnubodè owó yín ni káàdì yín. Ẹ máa ṣọ́ ọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń kọ owó ilé sínú ìwé kékeré rẹ̀ ní ìparí oṣooṣù. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń kà á sí i létí báyìí, òun ni ó ń kọ ọ́.  

Ẹ KA ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ YÌÍ
ì-dó-gò, káà-dì, nọ́ń-bà, à-ṣí-rí, rì-síì-tì, ì-wọ̀-fà

Ẹ JỌ DÁHÙN NÍ KÍLÁÀSÌ
1. Èé ṣe tí káàdì kò fi dà bí ewúrẹ́ tí a fi dógò?
2. Ọkùnrin olówó ń kó 60.000 fún tíṣà nínú 90.000. Èló ni ó ń mú lóṣooṣù? Èló ni ó yẹ kí ó mú?
3. Kí ni ìyàwó tíṣà fi wé ìwé báńkì kí ó tó mọ òtítọ́?
4. Ní abúlé yín, kí ni ẹ lè fi dógò dípò káàdì?